Kí Abẹ́rẹ́ àti Oúnjẹ Lè Pàdé

Ẹ jẹ́ ká mú bàbá kan tó ti ń gún ínsúlínì fún ọdún mẹ́rin. Kó tó jẹ ẹ̀bà ọ̀sán, yúníìtì mẹ́jọ ló máa ń gún sí ikùn, ara rẹ̀ sì ń gbà á dáadáa. Bó bá yẹ ṣúgà wò ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ, iye tó ń rí kì í ju 140 sí 170 mg/dL lọ. Láàárín oṣù kan, nǹkan dojú rú. Ẹ̀bà kan náà ni, ọbẹ̀ kan náà, yúníìtì mẹ́jọ kan náà, àmọ́ ẹ̀rọ ń gbé 270 jáde ní wákàtí méjì. Tó bá wá di ìrọ̀lẹ́, 62 ló ń gbé jáde, òógùn á bo bàbá, ọwọ́ rẹ̀ á máa gbọ̀n débi pé kò ní lè gbá ife omi mú dáadáa. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ṣe ni kí wọ́n fi yúníìtì méjì kún un. Ti ọ̀sán á wálẹ̀ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ti ìrọ̀lẹ́ á wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Oògùn bàbá yìí kò kéré. Ó ń pẹ́ dé ni. Oúnjẹ ti kó ṣúgà dà sínú ẹ̀jẹ̀ kí oògùn tó débẹ̀, nígbà tí oògùn sì fi máa dé, oúnjẹ ti kúrò ńlẹ̀. Orí àlàfo yẹn ni ọ̀rọ̀ wa dá lé: ohun tó ń fà á, bí a ṣe lè dá a mọ̀, àti ìdí tó fi yẹ kí èèyàn yẹ àkókò àti ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọlé wò kó tó fọwọ́ kan iye yúníìtì.

Nínú ara ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, iṣẹ́ yìí ń lọ láìsí ariwo. Pánkíríà, ẹ̀yà ara tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, máa ń tú ínsúlínì jáde láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ tí èèyàn bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Ínsúlínì yìí á gba inú iṣan lọ sínú ẹ̀dọ̀ tààrà, á dá ẹ̀dọ̀ lẹ́kun kó má tú ṣúgà tirẹ̀ síta mọ́, ẹ̀yìn náà ló tó tàn dé ara yòókù. Kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ti lọ. Ìdí nìyẹn tí ara fi lè máa fi kún un tàbí kó máa dín in kù láti ìṣẹ́jú dé ìṣẹ́jú. Ẹni tó ń gún abẹ́rẹ́ kò ní àǹfààní yẹn. Inú ọ̀rá abẹ́ awọ ni abẹ́rẹ́ ń kó oògùn sí, láti ibẹ̀ ló ti ń rìn lọ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti wọlé kò ṣeé fà jáde mọ́.

Ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ tó lóye ìrìn yìí. Ọjọ́ 11 oṣù Kìíní 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún ínsúlínì fún Leonard Thompson, ọmọkùnrin ọlọ́dún mẹ́rìnlá, ní Toronto lórílẹ̀-èdè Kánádà. Frederick Banting àti Charles Best ló wà nídìí iṣẹ́ náà nínú yàrá ìwádìí J.J.R. Macleod. Oògùn àkọ́kọ́ yẹn kò mọ́ tó, ara ọmọ náà sì kọ̀ ọ́. James Collip ló tún un ṣe, wọ́n gún un fún ọmọ náà ní ọjọ́ 23 oṣù yẹn, ṣúgà rẹ̀ sì wálẹ̀. Lásìkò yẹn, kí ọmọ má kú ni gbogbo èèyàn ń lé, kò sẹ́ni tó ń ka ìṣẹ́jú.

Ó di 1969 kí Dorothy Hodgkin àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Oxford tó fi ìtànṣán X-ray rí bí ínsúlínì ṣe rí gan-an. Nínú ìgò, ínsúlínì kì í dá dúró. Mẹ́fàmẹ́fà ló máa ń so pọ̀ yí èròjà síǹkì ká, bí èrò mẹ́fà tó di ara wọn lọ́wọ́ mú tí wọ́n fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà tóóró kọjá. Ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ kéékèèké kò lè gbà wọ́n wọlé bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní láti kọ́kọ́ tú ká sí méjìméjì, kí wọ́n tó tú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìtúká yìí ló sì ń gba àkókò. Ìdí rèé tí ínsúlínì ti àtijọ́, irú Actrapid àti Humulin R, fi ń lò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Agbára rẹ̀ ń pọ̀ jù láàárín wákàtí méjì sí mẹ́rin, ìyókù rẹ̀ sì lè wà lára títí di wákàtí mẹ́fà tàbí mẹ́jọ. Òun ló jẹ́ kí àwọn dókítà máa sọ fún aláìsàn pé kó gún un, kó dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kó tó jẹun.

Ní 1996, ilé iṣẹ́ Eli Lilly gbé Humalog jáde, èyí tí orúkọ ìmọ̀ rẹ̀ ń jẹ́ lispro. Èròjà 51 ló para pọ̀ di ẹ̀wọ̀n méjì tí a ń pè ní ínsúlínì. Gbogbo ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n pa ipò méjì dà nínú ẹ̀wọ̀n kejì, ìkejìdínlọ́gbọ̀n àti ìkọkàndínlọ́gbọ̀n, kí èyí bọ́ sí ipò tìyẹn. Àtúnṣe kékeré yẹn kò jẹ́ kí àwọn mẹ́fà náà lè di ara wọn mú gírígírí mọ́. Wọ́n ń tú ká kíákíá. Kò pẹ́ tí NovoRapid àti Apidra tẹ̀lé e pẹ̀lú ọgbọ́n tó jọ bẹ́ẹ̀. Àwọn wọ̀nyí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún, agbára wọn ń pọ̀ jù láàárín wákàtí kan sí mẹ́ta, wọ́n sì ń tán nílẹ̀ láàárín wákàtí mẹ́ta sí márùn-ún.

Orúkọ pé ó ń yára ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n rò pé bí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé báyìí ni òkèlè lè tẹ̀lé e. Ní Denver lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ní 2010, àwọn onímọ̀ fi àkókò mẹ́ta wéra fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní: kí wọ́n gún un ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ, kí wọ́n gún un bí wọ́n ṣe fẹ́ bẹ̀rẹ̀, tàbí ní ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó gún un ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú ni ṣúgà wọn kò ga tó ti àwọn yòókù lẹ́yìn oúnjẹ. Oògùn kan náà ni, iye kan náà, ìṣẹ́jú nìkan ló yàtọ̀. Èyí tó tún yára jù wọ́n lọ ti dé báyìí: Fiasp, tó jáde ní 2017, tí wọ́n fi fítámì B3 sí kó lè tètè wọ ẹ̀jẹ̀, àti Lyumjev, tó tẹ̀lé e ní 2020. Àwọn méjèèjì ṣeé gún nígbà tí oúnjẹ bá bẹ̀rẹ̀, kódà títí di ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà.

Ibi tí wàhálà ti kọ́kọ́ ń bẹ̀rẹ̀ nìyí, pàápàá nílẹ̀ wa. Ẹni tó ń lo ọ̀kan tẹ́lẹ̀ dé ilé oògùn, wọ́n ní kò sí, tàbí kó bá a pé owó rẹ̀ ti gun òkè, ló bá mú èyí tó wà. Ẹ wo páálí Mixtard 30 àti ti NovoMix 30. Àpòpọ̀ ni méjèèjì, nọ́mbà 30 wà lára méjèèjì, ilé iṣẹ́ kan náà ló ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún tó wà nínú Mixtard jẹ́ ti àtijọ́, tó fẹ́ kí èèyàn dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, nígbà tó jẹ́ pé ti NovoMix jẹ́ èyí tó ń yára, tí wọ́n ń gún nígbà tí oúnjẹ bá ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá gún NovoMix tó wá ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú dúró de ìrẹsì tí kò tíì jinná, ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ kí ìkòkò tó sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó bá sì gún Mixtard tó mú ṣíbí lójú ẹsẹ̀ máa rí 250 lẹ́yìn oúnjẹ, á sì máa bínú sí dókítà. Ìbéèrè kan péré ló yẹ kí ẹni tí wọ́n yí oògùn rẹ̀ padà bi apòògùn kó tó kúrò níwájú káńtà: ìṣẹ́jú mélòó ló gbọ́dọ̀ wà láàárín èyí àti oúnjẹ? Èmi ò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbé ínsúlínì tuntun lọ sílé láìgbọ́ ìdáhùn sí ìyẹn.

Bàbá tí a fi bẹ̀rẹ̀ kò yí oògùn padà o. Ohun tó ṣe é, ìka ọwọ́ ló lè rí i. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á ní kó dùbúlẹ̀, á fi ọṣẹ olómi díẹ̀ pa ìka kí ọwọ́ lè máa yọ̀ lórí awọ, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka méjì yí po láti ẹ̀gbẹ́ kan ìdodo dé ẹ̀gbẹ́ kejì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé apá ọ̀tún yìí náà lẹ máa ń gún sí lójoojúmọ́?"

"Ibẹ̀ ló rọ̀ mí lọ́rùn, ọmọ mi. Kì í dùn mí níbẹ̀."

"Ìdí tí kì í fi í dùn yín nìyẹn, sà. Ẹ fi ọwọ́ yín kàn án. Ẹ rí i pé ó le ju apá kejì lọ?"

Ọ̀rá tó wú ni. Ínsúlínì fúnra rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ọ̀rá dàgbà. Bí èèyàn bá ń gún ojú kan léraléra, tó sì ń lo abẹ́rẹ́ kan fún ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀rá ibẹ̀ á ki, á le, iṣan ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á dín kù, ìmọ̀lára ibẹ̀ náà á sì kú díẹ̀. Oògùn tó bá bọ́ síbẹ̀ kì í tètè jáde, kì í sì í jáde bákan náà lójoojúmọ́. Lónìí ó lè pẹ́ wákàtí méjì, lọ́la ó lè tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Sípéènì, ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 2013 lórí 430 èèyàn tó ń gún ínsúlínì fi hàn pé ó sún mọ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn tó ní irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ní in ń gún 56 yúníìtì lójúmọ́ ní ìpíndọ́gba, àwọn tí kò ní in ń gún 41. Ẹ ro owó yúníìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́ fún ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ ra oògùn, owó tó ń bọ́ sínú ọ̀rá lásán.

Oògùn ibẹ̀ kò ju pé kéèyàn fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan. Wọ́n á pín ikùn sí ọ̀nà mẹ́rin, wọ́n á máa lo apá kan fún ọ̀sẹ̀ kan, abẹ́rẹ́ òní á sì jìnnà sí ti àná tó fífẹ̀ ìka kan. Ewu kan wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kì í mọ̀. Lọ́jọ́ tí èèyàn bá kúrò lórí ọ̀rá tó le bọ́ sórí awọ tó dára, gbogbo yúníìtì ló máa ṣiṣẹ́, kíákíá sì ni. Ẹni tó ti fi kún oògùn rẹ̀ láti bá ọ̀rá jà máa rí i pé iye náà ti pọ̀ jù. Dókítà gbọ́dọ̀ dín in kù kí ó tó yí ojú ibẹ̀ padà, kí wọ́n sì máa yẹ ṣúgà wò lemọ́lemọ́ ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́.

Yàtọ̀ sí ọ̀rá, ojú ibi tí èèyàn yàn náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ikùn ló ń yára jù, apá tẹ̀lé e, itan àti ìdí ló ń lọ́ra jù. Ìyàtọ̀ náà pọ̀ gan-an fún ínsúlínì ti àtijọ́, ó kéré díẹ̀ fún èyí tó ń yára. Ẹni tó bá ń gún ikùn láàárọ̀, itan lọ́sàn-án, apá lálẹ́, láìní ètò kankan, ń lo oògùn mẹ́ta láìmọ̀.

Ooru àti eré ìdárayá náà wà ńbẹ̀. Ní 1978, Veikko Koivisto àti Philip Felig ní kí àwọn tó ní àtọ̀gbẹ gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n gún abẹ́rẹ́ sí ẹsẹ̀. Ínsúlínì yára jáde láti inú ẹsẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ apá ni wọ́n gún, gígun kẹ̀kẹ́ kò yí ìrìn rẹ̀ padà. Aránṣọ tó ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tó sì ń gún itan kó tó jókòó sídìí iṣẹ́, wà nínú ọ̀ràn yìí gan-an. Ní 1980, Koivisto yìí kan náà fi hàn ní Finland pé bí èèyàn bá wọ yàrá ooru sauna lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ìyára tí oògùn fi ń kúrò lábẹ́ awọ ju ìlọ́po méjì lọ. A kò ní sauna nílé, ṣùgbọ́n omi gbígbóná tí màmá àgbà ń wẹ̀ láàárọ̀ wà, oòrùn ọ̀sán oṣù Kẹta náà wà. Ẹni tó bá gún abẹ́rẹ́ tán kó tó wọ balùwẹ̀ lọ fi omi gbígbóná wẹ̀ ti yí aago oògùn náà padà. Kó wẹ̀ tán kó tó gún un ló dára jù.

Ooru tún ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tó yàtọ̀ sí ìyẹn pátápátá. Èyí tó bá awọ ń mú oògùn yára, èyí tó bá ìgò ń pa á. Ínsúlínì tí wọn kò tíì ṣí fẹ́ òtútù ìwọ̀n 2 sí 8, kò sì gbọ́dọ̀ dì. Èyí tó bá ti dì ti bàjẹ́, ẹ dà á nù. Èyí tí wọ́n ti ń lò máa ń dára fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin níta, tí ooru ibẹ̀ kò bá ju 30 lọ. Ẹni tó bá gbé e sínú ọkọ̀ tó wà nínú oòrùn fún ìrọ̀lẹ́ kan ti fi í sínú ooru tó ju ìyẹn lọ fíìfíì. Ó lè má yí àwọ̀ padà, kò ní rùn, agbára rẹ̀ ló kàn máa dín kù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ti ọ̀rá ni pé ṣúgà á ga lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ, kò sì ní já wálẹ̀ lẹ́yìn náà, nítorí oògùn tó pẹ́ dé yàtọ̀ sí oògùn tó ti kú.

Ní ti ẹni tí kò ní iná mànàmáná déédéé, ìròyìn kan wà tó yẹ kí gbogbo ilé gbọ́. Ẹgbẹ́ Médecins Sans Frontières àti Yunifásítì Geneva yẹ ìrìn ooru àti òtútù wò ní àgọ́ àwọn asásálà Dagahaley ní Kẹ́ńyà, níbi tí ooru ti ń lọ láti 25 ní òru sí 37 lọ́sàn-án. Wọ́n wọn ínsúlínì tó wà nínú irú ooru bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, wọ́n sì gbé èsì jáde ní 2021: agbára rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti inú fíríìjì. Ìkòkò amọ̀ tí omi ń rin lára rẹ̀, irú àmù tó wà nígun yàrá ìyá wa àgbà, lè jẹ́ kí ìgò náà wà ní tútù ju inú yàrá lọ. Kí ìgò náà ṣáà wà nínú àpò náílọ́ọ̀nù tí omi kò lè wọ̀.

Aago ara fúnra rẹ̀ kò dúró lójú kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ara ń tú àwọn èròjà tó ń jí èèyàn síta, àwọn yìí ń dí ínsúlínì lọ́wọ́, ẹ̀dọ̀ sì ń tú ṣúgà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí búrẹ́dì méjì tí kò ṣe nǹkan kan lálẹ́ fi lè gbé ṣúgà dé 240 láàárọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń lo èyí tó ń yára ló nílò kí wọ́n dúró pẹ́ sí i kí wọ́n tó jẹ oúnjẹ àárọ̀ ju bí wọ́n ṣe ń dúró lálẹ́ lọ. Iye tó wà lójú ẹ̀rọ kí wọ́n tó jẹun náà ní ohùn. Bó bá ti ga tẹ́lẹ̀, ó yẹ kí oògùn ní àkókò láti kọ́kọ́ fà á wálẹ̀. Bó bá wà lábẹ́ 70, oúnjẹ ló ń ṣáájú, abẹ́rẹ́ á dúró.

Oúnjẹ náà ní ìrìn tirẹ̀. Ẹ̀kọ mímu tí a fi ṣúgà sí kì í pẹ́ nínú àpò oúnjẹ, kò nílò kí eyín fọ̀ ọ́. Ṣúgà rẹ̀ lè dé inú ẹ̀jẹ̀ kí ínsúlínì tó jí. Ẹ̀wà àti mọ́ínmọ́ín ń rìn jẹ́jẹ́, wọ́n sì ń bá oògùn mu dáadáa. Àwo ìrẹsì inú àríyá tí òróró ń dán lórí rẹ̀, pẹ̀lú ẹran díndín àti dòdò, tún jẹ́ ọ̀tọ̀, nítorí ọ̀rá máa ń dá oúnjẹ dúró nínú àpò oúnjẹ, ó sì ń mú kí ara má fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn sí ínsúlínì lẹ́nu. Ní Boston, ní 2013, wọ́n fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní ní oúnjẹ alẹ́ méjì tí ìṣirò ṣúgà inú wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ọ̀rá ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 60, ti èkejì jẹ́ 10. Èyí tó lọ́ràá gba ínsúlínì tó fi ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ jù, ṣúgà àwọn ẹni náà sì ga fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá padà dé láti òde àríyá tí ṣúgà rẹ̀ dára ní wákàtí méjì, tó wá bá 290 nígbà tó fẹ́ sùn, inú àwo yẹn ni ìdáhùn wà.

Àwọn kan wà tí àpò oúnjẹ wọn gan-an ti ń lọ́ra, nítorí ṣúgà tó ga fún ọ̀pọ̀ ọdún ti ba iṣan tó ń darí rẹ̀ jẹ́. Wọ́n á jẹ òkèlè mẹ́ta, wọ́n á ní àwọn ti yó, inú á máa rìn wọ́n, ohun tí wọ́n jẹ lánàá á fẹ́ padà wá. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, gbígún oògùn ní ogún ìṣẹ́jú ṣáájú oúnjẹ léwu, nítorí oògùn á dé tán, oúnjẹ á ṣì wà nínú àpò. Dókítà lè ní kó máa gún un lẹ́yìn oúnjẹ, tàbí kó padà sórí ínsúlínì ti àtijọ́ tó ń lọ́ra. Ọmọdé tí a kò mọ̀ bóyá yóò jẹun tán, àti aboyún tó ń bì, lè nílò irú ètò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ń kú lọ náà máa rí i pé oògùn ń pẹ́ lára òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí yúníìtì tí èèyàn nílò bá ń dín kù láìnídìí, kí ó má tíì dúpẹ́, kó kọ́kọ́ lọ yẹ kíndìnrín wò.

Nínú oṣù Ramadan, gbogbo ìṣirò yìí ń yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù fúnra rẹ̀ yọ̀ǹda aláìsàn kúrò nínú ààwẹ̀, ọ̀pọ̀ tó ń gún ínsúlínì ló sì yẹ kó gba ìyọ̀ǹda náà. Ní ti ẹni tí dókítà bá gbà láàyè kó gba ààwẹ̀, ìlànà àwọn onímọ̀ àtọ̀gbẹ àgbáyé ni pé kí ínsúlínì oúnjẹ ti ìṣínu wà bó ṣe wà, kí wọ́n yọ ti ọ̀sán kúrò, kí wọ́n sì fi ìdá mẹ́rin kan sí ìdajì dín ti sààrì kù. Ibi tó ti ń le ni ìṣínu. Dábínù àti omi á kọ́kọ́ wọlé, lẹ́yìn ìrun ni oúnjẹ gidi á tó dé. Ẹni tó bá gún gbogbo oògùn rẹ̀ nígbà tó gbọ́ ìpè ìrun, tí ìrun wá gùn, ti fi ara rẹ̀ sínú ewu. Ó yẹ kó bi dókítà rẹ̀ ṣáájú oṣù náà bóyá dábínù ni abẹ́rẹ́ máa bá lọ ni àbí oúnjẹ ẹ̀yìn ìrun.

Nínú gbogbo àṣìṣe tí ìyípadà ìrìn oògùn ń fà, ọ̀kan tó lè gbé èèyàn lọ sílé ìwòsàn ni gbígún lé gbígún. Èèyàn rí 260 ní wákàtí méjì, ìbínú dé, ó gún mẹ́fà sí i. Ṣùgbọ́n tàkọ́kọ́ kò tíì tán lára. Ó lè ku wákàtí kan sí mẹ́ta kó parí iṣẹ́ rẹ̀, bó bá sì jẹ́ inú ọ̀rá tó le ló wà, ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Méjèèjì á wá pàdé lóru nígbà tí kò sí oúnjẹ nínú ikùn. Bí ṣúgà bá já sí abẹ́ 70, ṣúgà ilé ṣíbí tíì mẹ́ta sí mẹ́rin tí a pò mọ́ omi ni kí wọ́n mu, kí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí wọ́n tún mu bẹ́ẹ̀ bí kò bá tíì gòkè. Ṣokoléètì kò dára fún èyí, ọ̀rá inú rẹ̀ ń dá ṣúgà dúró. Bí ẹni náà kò bá mọ ara rẹ̀ mọ́, kí ẹnikẹ́ni má da ohunkóhun sí i lẹ́nu. Kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò ìlera NHS bẹ̀rẹ̀ sí í pín ẹ̀rọ tó ń wọn ṣúgà tó sì ń fún ara ní ínsúlínì fúnra rẹ̀ fún àwọn tó ní àtọ̀gbẹ irú kìíní ní 2024, àwọn ọmọ Yorùbá tó wà níbẹ̀ sì lè béèrè fún un. Síbẹ̀ ẹ̀rọ yẹn náà ń lo ínsúlínì tó ń yára, àwọn tó ń lò ó sì ṣì gbọ́dọ̀ sọ fún un ṣáájú oúnjẹ. Ẹni tó bá wà ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo pẹ̀lú ẹ̀rọ ìka lásán lè rí ohun tó ń wá pẹ̀lú ìwé kékeré kan. Kó mú oúnjẹ kan tó mọ̀ dunjú, ká ní ẹ̀bà ìwọ̀n kan náà, kó jẹ ẹ́ ní ọjọ́ mẹ́ta, aago kan náà, yúníìtì kan náà, ojú ibi tí kò le. Kó fọ ọwọ́, kó nù ún gbẹ kó tó gún ìka, nítorí ọwọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn lè fi 60 kún ohun tí ẹ̀rọ á kọ. Kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó jẹun, ní wákàtí kan, ní wákàtí méjì, àti ní wákàtí mẹ́rin, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ìṣẹ́jú tó wà láàárín abẹ́rẹ́ àti òkèlè àkọ́kọ́.

Bí iye náà bá ga ní wákàtí kan àti méjì, tó wá wálẹ̀ sí ibi tó dára ní mẹ́rin, yúníìtì tó, ìṣẹ́jú ni kò tó. Kó bá dókítà sọ̀rọ̀ láti fi ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún kún ìdúró rẹ̀, kó má fò lọ sí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Bó bá já wálẹ̀ láàárín wákàtí kan tó wá gòkè lẹ́yìn náà, oògùn ló ń ṣáájú oúnjẹ. Bó bá ga láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin lọ́jọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kó ṣí ìgò tuntun kó tó ṣe ohunkóhun mìíràn. Bí ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sì yàtọ̀ síra pátápátá, kó bọ́ ẹ̀wù, kó dùbúlẹ̀, kó fi ọṣẹ pa ìka, kó wá ibi tó le lára ikùn rẹ̀.